Àbúrò, Ra Áńpù Náà, Ṣùgbọ́n Má Tíì Tàn Án

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Èmi ni mò ń ta gìtá ní ìjọ wa, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan lọ sóde ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan ládùúgbò wa fẹ́ ta áńpù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, Fender Deluxe Reverb olójú dúdú, ó ní 1966 ni wọ́n rà á. $2,400 ló pè é. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti tàn án kẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó tú inú rẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá rà á, n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀, pé iye rẹ̀ á já wálẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n má fowó ṣòfò, pé wọn ò ṣe tíúbù, àwọn ìgò oníná inú rẹ̀, mọ́ láyé, pé ìgbà CBS ni wọ́n sì ṣe èyí, kì í ṣe ojúlówó. Mo tún ń rò ó pé tí mo bá padà sílé, n ó gbé e lọ sí Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n rà á?”

Àbúrò mi, mo kí ọ o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, débi pé o ò mọ èyí tí wàá kọ́kọ́ mú. Àkọ́kọ́ ni bóyá ojúlówó ni áńpù náà. Èkejì ni bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bóyá ẹni tó bá tún un ṣe ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ti Ìbàdàn dá dúró ní tirẹ̀, màá dé ibẹ̀. Kí n má fi ọkàn rẹ sókè: tí àwọn tíráńsífọ́mà ara rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́ wá, rà á. Ṣùgbọ́n má ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná nílé ọkùnrin yẹn, kódà bó bá ní kí o wá gbọ́ bó ṣe ń dún. Áńpù tí wọn ò tàn fún ogún ọdún, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré tí wọ́n bá fi tàn án láìtọ́jú rẹ̀ lè jó ohun tí ọjà kò lè dá padà fún ọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ CBS kúrò nílẹ̀. Oníṣẹ́ rédíò ni Leo Fender. Ìlú Fullerton ní California ló ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní 1938, níbi tó ti ń tún rédíò àwọn ará àdúgbò ṣe, kó tó di pé ó ń ṣe áńpù àti gìtá. Ní oṣù kìíní ọdún 1965, ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olólùfẹ́ Fender ti ń sọ pé ohun tó bá jáde lẹ́yìn títà yẹn kò dára mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ inú àwọn áńpù wọn kò gún régé bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yí ètò wáyà àwọn áńpù ńlá bíi Twin Reverb padà nígbà tí ojú wọn di aláwọ̀ fàdákà ní nǹkan bí ọdún 1968. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ń pè ní AB763, tí Deluxe Reverb ti ń lò láti 1963, òun náà ló wà nínú ti 1966. Kódà àwọn Deluxe Reverb olójú fàdákà, ìyípadà tó bá wọn kò tó nǹkan, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ sì lè dá a padà láàárín wákàtí díẹ̀. Tí ẹnìkan bá gbé ọ̀kan tó dára wá fún ọ lówó tó rọjú ju èyí lọ, má tìtorí àwọ̀ ojú rẹ̀ sá fún un.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé 1966 ni lóòótọ́ kò le. Yí ẹ̀yìn áńpù náà sọ́dọ̀ ara rẹ, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú àpótí rẹ̀. Wàá rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi, tí wọ́n to orúkọ àwọn tíúbù sí. Wọ́n sábà máa ń lu òǹtẹ̀ lẹ́tà méjì sára ìwé yẹn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ọdún: A ni 1951, máa kà á bọ̀ títí tí P yóò fi jẹ́ 1966. Lẹ́tà kejì ni oṣù, A ni oṣù kìíní. Bí o bá rí PD, oṣù kẹrin ọdún 1966 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wá wo àwọn tíráńsífọ́mà tó so rọ̀ lábẹ́ ṣáàsì, ìyẹn páànù irin tí wọ́n to gbogbo iṣẹ́ iná rẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà ara wọn gbọ́dọ̀ fi 606 bẹ̀rẹ̀, nítorí nọ́ńbà ilé iṣẹ́ Schumacher nìyẹn, àwọn ló ń ṣe é fún Fender. Ohun tó tẹ̀ lé e ni ọdún àti ọ̀sẹ̀, bí àpẹẹrẹ, 606-6-10 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹwàá ọdún 1966. Ara sípíkà náà ní tirẹ̀, ó ń sọ ẹni tó ṣe é: 220 ni Jensen, 465 ni Oxford. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ súnmọ́ra wọn, ti tíráńsífọ́mà àti sípíkà á sì sábà ṣíwájú ti òǹtẹ̀ díẹ̀, torí pé wọ́n ti wà ní sítọ́ọ̀ kí wọ́n tó kàn wọ́n mọ́ áńpù. Ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Tí tíráńsífọ́mà bá jẹ́ ti ọdún mìíràn, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá jọ èyí tí mo sọ, ẹnìkan ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn, iye owó náà sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dáadáa. Sípíkà tí wọ́n pààrọ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Òmíràn tiẹ̀ ń dún dáa ju èyí tó bá a wá lọ.

Ọ̀rọ̀ “má pààrọ̀ ohunkóhun” ló wá kàn, òun gan-an ló sì ń dùn mí jù, torí pé ó ti ba áńpù tó dára púpọ̀ jẹ́. Tíúbù mẹ́sàn-án ló wà nínú Deluxe Reverb. Mẹ́fà kékeré ló ń gbé ohùn gìtá sókè, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ reverb (ìró tó ń dún padà) àti vibrato (ohùn tó ń gbọ̀n). Méjì ni 6V6, àwọn ló ń ti sípíkà. Ọ̀kan tó kù ni GZ34, tó ń sọ iná ògiri di iná tó ń ṣàn lójú kan. Nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ jáde tán. Wáyà kékeré kan ń gbóná láàárín rẹ̀, ooru yẹn ló ń lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde lọ sára páànù tó yí i ká, níbi tí iná gíga wà. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáyà tín-ín-rín mìíràn tí ohùn gìtá rẹ ń gbà wọlé. Bí ohùn kékeré yẹn ṣe ń lọ sókè sódò ló ń jẹ́ kí iná ńlá kọjá tàbí kó dúró. Iṣẹ́ tí tíúbù ń ṣe kò ju báyìí lọ, ó sì ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń ṣe é. Tíúbù ń gbó. Àwọn kàpásítọ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́, èyí tó ní omi kẹ́míkà nínú lára wọn ń gbó, bí wọ́n lò wọ́n tàbí wọn ò lò wọ́n. Ṣùgbọ́n tíráńsífọ́mà, ṣáàsì, igi àpótí àti pátákó tí wọ́n to nǹkan sí, wọ́n lè pẹ́ ju ẹ̀mí ènìyàn lọ tí kò bá sẹ́ni tó jó wọn. Àyàn tó jogún dùndún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí awọ bá ti gbó, á fi awọ tuntun bò ó, á pààrọ̀ ọṣán, ìlù bàbá rẹ̀ náà ló sì ń lù. Igi ni ìlù. Nínú áńpù yìí, tíráńsífọ́mà àti ètò wáyà rẹ̀ ni igi.

Kí o lè mọ ìdí tí mo fi ní kí o má tàn án, jẹ́ kí n mú ọ wọ inú rẹ̀. Lára ṣáàsì, àwo páànù kan wà tí wọ́n fi ìdè dè mọ́ ọn. Tí o bá ṣí i, wàá rí kàpásítọ̀ márùn-ún tó tóbi tó àtàǹpàkò ọkùnrin, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ló ń fọ iná mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ tíúbù. Nínú wọn, awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo páànù alumíníọ̀mù, òun ni kò jẹ́ kí iná já gba inú kàpásítọ̀ kọjá. Tí áńpù bá ti wà láìlò fún ọdún púpọ̀, awẹ́ yẹn á máa jẹ, omi inú rẹ̀ á sì máa gbẹ. Nígbà tí o bá tàn án lójijì, iná tó lé ní 400 fólítì á dé bá kàpásítọ̀ tí kò lè gbà á mọ́. Nígbà mìíràn á kàn máa hùn nínú sípíkà. Nígbà mìíràn á gbóná, á wú, á sì tú omi sílẹ̀. Mo ti ṣí àwo bẹ́ẹ̀ tí mo bá ẹ̀gbin funfun tó ti gbẹ pa létí kàpásítọ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó lè já iná sílẹ̀ pátápátá, kí ó sì mú tíráńsífọ́mà iná lọ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Kàpásítọ̀ kékeré kan tún wà tí kò sí nínú àwo yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń pààrọ̀ àwọn ńlá sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ iná òdì tó ń kó 6V6 méjèèjì níjàánu. Ọjọ́ tó bá kú, kò sí ohun tó ń dá àwọn tíúbù náà dúró mọ́. Páànù inú wọn á pọ́n bí irin inú iná àgbẹ̀dẹ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á ti kú, wọ́n sì lè jó tíráńsífọ́mà tó ń bá sípíkà sọ̀rọ̀. Tíráńsífọ́mà yẹn ni a kò fẹ́ pàdánù. Kàpásítọ̀ tó pa á kò níye lórí. Mo ti rí ẹni tó fi í sílẹ̀ nítorí kí áńpù rẹ̀ lè wà “bó ṣe wà,” tó wá padà ra tíráńsífọ́mà tuntun. Irú áńpù bẹ́ẹ̀ kò wà bó ṣe wà mọ́. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ tó mọ tíúbù pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ olómi wọ̀nyí pátá kí wọ́n tó tàn án. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tàn án, kó fi gílóòbù kan sójú ọ̀nà iná tó ń lọ sínú áńpù. Tí gílóòbù bá tàn rekete tí kò sì rẹlẹ̀, iná ń já níbì kan nínú rẹ̀. Gílóòbù ni yóò gba ìyà náà dípò tíráńsífọ́mà.

Wo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ pẹ̀lú. Áńpù ìgbà yẹn sábà máa ń ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, láìní ẹsẹ̀ áàtì, ó sì ní switch kan lẹ́yìn tó ń so kàpásítọ̀ kan láti wáyà iná lọ sí ara ṣáàsì. Ara ṣáàsì yẹn ni wáyà gìtá rẹ so mọ́. Tí kàpásítọ̀ yẹn bá já, ọwọ́ rẹ wà lára okùn gìtá, ẹnu rẹ kan máíkì ìjọ tó ní áàtì, ara rẹ ni iná máa gbà kọjá. Ènìyàn lè kú síbẹ̀. Kí oníṣẹ́ yọ kàpásítọ̀ yẹn dànù, kó sì fi okùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Kò sẹ́ni tó ní làákàyè tó máa dín owó áńpù kù nítorí èyí. Ìwọ fúnra rẹ má tú ṣáàsì náà o. Kódà tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lára ògiri, iná tó wà nínú àwọn kàpásítọ̀ ńlá yẹn ṣì lè wà níbẹ̀, ó sì tó láti pa ènìyàn.

Síbẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ kò jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kó áńpù àtijọ́ jọ, wọ́n sì ń san owó gọbọi lé ara èyí tí ọwọ́ kò tíì kàn. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ ni tíráńsífọ́mà, sípíkà, aṣọ iwájú, awọ dúdú tó bo àpótí, kókó ojú rẹ̀, àti àwọn kàpásítọ̀ aláwọ̀ búlúù tí ohùn ń gba inú wọn kọjá. Àwọn búlúù yẹn kì í ṣe olómi. Tí oníṣẹ́ kan bá wò ọ́ lójú tó ní òun fẹ́ pààrọ̀ gbogbo wọn kí ohùn lè mọ́ sí i, gbé áńpù rẹ kúrò níbẹ̀. Èyí tí mítà bá fi hàn pé ó ti ń jò nìkan ni kí wọ́n yọ. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì yọ, títí kan àwọn kàpásítọ̀ tó ti kú, kó wọn sínú ọ̀rá kan, kí o kọ ọjọ́ sí i, kí o tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ tà á, ẹni tó fẹ́ rà á á rí i pé ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló tún un ṣe. Àwọn akójọ kan ṣì máa wà tí wọ́n á san owó díẹ̀ sí i fún èyí tí wọn ò tíì ṣí rí. Ṣùgbọ́n olórin ni ọ́, àbúrò. Áńpù tí o kò lè tàn kò wúlò fún ọ.

Ẹni tó ní tíúbù ti tán láyé ṣe àṣìṣe. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ìgbà náà, RCA, General Electric àti Sylvania ní Amẹ́ríkà, Mullard ní Blackburn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é títí di òní ní Saratov ní Rọ́ṣíà, ní Čadca ní Sìlòfákíà, àti ní Ṣáínà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kéré ju bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Ìwé àwọn tó ṣe 6V6 ní kí iná orí páànù rẹ̀ má kọjá 350 fólítì; Fender fún un ní nǹkan bí 415 nínú Deluxe Reverb. Àwọn tíúbù Amẹ́ríkà àtijọ́ gbà á mọ́ra. Àwọn tuntun kan kò lè gbà á. Sọ fún ẹni tó ń tà á fún ọ pé Deluxe Reverb lo fẹ́ fi í sí, á mọ èyí tó máa fún ọ, kí ó sì jẹ́ méjì tó bá ara wọn mu. Èyí tó wà lára rẹ̀ báyìí, má sọ ọ́ nù. Tí o bá rí Mullard lára GZ34 yẹn, tọ́jú rẹ̀ bí ojú, torí ó níye lórí, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ sí i. Wo orí ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú: ibì kan á máa dán bíi dígí. Tí ibẹ̀ bá ti di funfun bíi wàrà, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀, ó ti kú nìyẹn.

Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti tún un ṣe, dúró tì í nígbà tó bá ń tàn án, kí o gbọ́ ọ fúnra rẹ. Rí i dájú pé sípíkà wà lára rẹ̀, torí áńpù tíúbù tí a tàn láìsí sípíkà lè jó tíráńsífọ́mà rẹ̀. Pa iná yàrá, wo ẹ̀yìn àwọn 6V6. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ọsàn láàárín ìgò dára, ìmọ́lẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lára ìgò dára pẹ̀lú. Pípọ́n lára páànù ni kò dára. Fi ìdí pẹ́ńsù kan tíúbù kékeré kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́: èyí tó bá dún nínú sípíkà bí ìgbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn ni kí wọ́n pààrọ̀. Yí gbogbo kókó. Tó bá ń ṣe kàràkàrà, oògùn ìfọ̀ ló máa ń wò ó sàn jù. Tí vibrato kò bá ṣiṣẹ́, béèrè bóyá ìtẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ kí o tó bínú, nítorí láìsí ìtẹ̀ ẹsẹ̀, vibrato áńpù yìí kì í dún rárá, nígbà tí reverb á máa dún. Mo mọ àwọn tó ti sanwó àtúnṣe lórí èyí láìnídìí.

Ní ti $2,400, kò pọ̀ jù bí tíráńsífọ́mà méjèèjì bá jẹ́ ti 1966 tí kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan ètò wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí á gbà tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là, kí o sì sọ èyí fún un ní gbangba. Sọ fún un pé áńpù tí ẹnikẹ́ni kò tàn fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń ṣiṣẹ́, òun náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí olóòótọ́ bá ni, á yọ díẹ̀ kúrò.

Nígbà tó bá ti wá wọ ilé rẹ, kí ni wàá gbọ́? Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè lẹ máíkì kékeré mọ́ ara gìtá rẹ̀, tó sì gbé ohùn jùjú gba inú áńpù. Ní ọdún yẹn, kò sí áńpù mìíràn láyé ju ti tíúbù lọ. Inú tíúbù ni gìtá jùjú ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohùn tí wàá gbọ́ lára Deluxe Reverb kì í ṣe àlejò sí orin wa. Ki wáyà gìtá rẹ bọ ẹ̀gbẹ́ Vibrato, fi Volume sí 3, Treble sí 6, Bass sí 3, Reverb sí 2. Fi ìka rẹ ta ohùn kan jẹ́jẹ́, kí o tún ta á kíkankíkan. Nígbà tí o bá ta á kíkan, GZ34 kò lè fún un ní iná lójú ẹsẹ̀, iná á rẹlẹ̀ díẹ̀, á sì padà gbéra. Etí rẹ á gbọ́ ọ bíi pé ohùn náà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó tú jáde. Ìka rẹ á mọ̀ ọ́n kí etí rẹ tó mọ̀ ọ́n. Tí Volume bá tó 5 tàbí 6, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹran lára, kì í ya lójijì, ó ń ya díẹ̀díẹ̀ bí o bá ṣe ń tẹ̀ mọ́ ọn, tí o bá sì rẹ Volume ara gìtá sílẹ̀, á mọ́ padà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lára áńpù onítíúbù, ó sì gba oṣù díẹ̀ kí ọwọ́ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lò.

Wáàtì 22 péré ló ní, mo sì ní láti sọ ọ́ fún ọ. Nínú ìjọ, ó tó. Ní òde àríyá, níbi tí gángan, ìlù òyìnbó àti akọrin mẹ́ta ti ń dún pọ̀, tí o bá gbé e sókè kó lè borí wọn, ohùn rẹ̀ á ya, bẹ́ẹ̀ ohùn tó mọ́ gaara ni gìtá jùjú ń fẹ́. Fi í sí 3 tàbí 4, gbé máíkì bíi Shure SM57 kan sí iwájú sípíkà rẹ̀, kí o jẹ́ kí sípíkà ńlá gbọ̀ngàn gbé e lọ. Tí ẹgbẹ́ rẹ kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, áńpù tó lágbára jù èyí ló yẹ ọ́ fún òde, Deluxe Reverb á dúró sí ìjọ àti ilé.

Bí gbogbo wàhálà yìí bá sì pọ̀ jù fún ọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Fender ti ń ṣe Deluxe Reverb tuntun tí wọ́n fi ti 1965 ṣe àwòkọ́ṣe láti 1993. Tíúbù ló wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ súnmọ́ ti àtijọ́ gan-an, àmọ́ orí pátákó tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n to inú rẹ̀ sí, àtúnṣe rẹ̀ sì máa ń le jù ti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ so wáyà rẹ̀. Láti 2019 ni Tone Master wà, tí kò ní tíúbù kankan, tó fúyẹ́ tó ìdajì. Ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú áńpù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi á mú ti 1966, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ rédíò tíúbù lè tún un ṣe níbikíbi láyé, ọdún mẹ́wàá tàbí ogún sí ìsinsìnyí.

Ó wá ku Ìbàdàn. Áńpù yìí, iná Amẹ́ríkà tó jẹ́ 117 fólítì ni wọ́n ṣe é fún. Tí o bá ki í bọ iná 230 nílé, ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tíráńsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ló máa yanjú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Iná ilé Amẹ́ríkà ń yí ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń yí ní 50, tíráńsífọ́mà yẹn kò sì lè yí èyí padà. Tíráńsífọ́mà inú áńpù á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ ní 50, pàápàá nínú ooru wa. Lẹ́yìn èyí ni iná tó ń lọ sókè sódò. Lọ́jọ́ tó bá fò sókè, wáyà inú tíúbù á gbóná kọjá ààlà, iná 415 yẹn á sì di ohun tí 6V6 kankan kò ní fara dà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sàn jù ú lọ nígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ omi lórí rẹ̀, inverter olówó pọ́ọ́kú sì máa ń mú un hùn. Tí o bá fi dandan gbé e lọ, ra stabilizer tó dára, kí tíráńsífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ tẹ̀ lé e, kó má kéré sí wáàtì 500, kí o sì máa fọwọ́ kan tíráńsífọ́mà ara áńpù lẹ́yìn wákàtí kan: tí ọwọ́ rẹ kò bá lè dúró lára rẹ̀, pa á. Ọ̀nà tó tọ́ jù ni kí oníṣẹ́ ra tíráńsífọ́mà iná tuntun tí wọ́n ṣe fún 230 àti 50, kó fi sí i, kí o sì tọ́jú ti àtijọ́ sínú àpótí. Ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 19; nínú páálí ìrìnàjò á ti fẹ́ẹ̀ tó 23 tí ọkọ̀ òfuurufú sábà ń gbà. Yọ àwọn tíúbù, kọ ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára rẹ̀, kí o fi aṣọ wé wọn sínú ẹrù ọwọ́ rẹ.

Èmi ò ní gbé e lọ. Jẹ́ kó wà ní Houston níwọ̀n ìgbà tí o bá ṣì wà níbẹ̀, kí o ra èyí tí wọ́n ṣe fún iná 230 láti ilé iṣẹ́ wá fún Ìbàdàn. Lọ bá ọkùnrin náà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ya fọ́tò òǹtẹ̀ inú àpótí, ti tíráńsífọ́mà méjèèjì àti ti ẹ̀yìn sípíkà, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó.